Bí Tíṣà Ṣe Lè Rí Owó Ìwé Kíkà Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì fún Kíláàsì Kan l'Ékòó

Ẹ̀yin tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ni mo kọ èyí fún, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní Múṣin, Ṣómólú, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta àti Ìsàlẹ̀ Èkó. Òfin UBE (òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti ọdún 2004 sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ láti Primary 1 títí dé JSS 3, ó sì pọn dandan fún gbogbo ọmọ. Síbẹ̀, ẹ mọ bí kíláàsì yín ṣe rí. Ìwé kan ṣoṣo wà lórí tábìlì tíṣà, ọmọ àádọ́ta sì ń na ọrùn wò ó. Ó ń dùn mí dọ́kàn pé ọmọ lè lo ọdún mẹ́fà nílé-ìwé láìfi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ìwé ìtàn kan.

Àwọn tó fẹ́ ra ìwé náà wà. Wọ́n wà ní Lekki, wọ́n wà ní London àti Houston, ọ̀pọ̀ wọn ló sì jókòó sórí irú bẹ́ǹṣì yẹn nígbà kan. Wọ́n lówó tí wọ́n lè dá, àmọ́ ẹ̀rù ń bà wọ́n pé owó náà lè má dé ibi tí wọ́n rán an. Gbogbo ohun tí mo máa sọ síbí ló rọ̀ mọ́ èyí: kí ẹni tó dáwó fojú ara rẹ̀ rí ìwé tí owó rẹ̀ rà, kí owó náà má sì gba àpò tíṣà kọjá rárá.

Lọ́dún 2000, tíṣà kan tó ń jẹ́ Charles Best ní Bronx, nílùú New York, dá DonorsChoose sílẹ̀. Tíṣà á kọ ohun tí kíláàsì rẹ̀ nílò síbẹ̀, ẹni tó bá wù á dáwó, DonorsChoose fúnra rẹ̀ á ra ọjà, á fi ránṣẹ́ sí ilé-ìwé. Tíṣà kì í fọwọ́ kan owó. Àwọn tíṣà ilé-ìwé ìjọba Amẹ́ríkà nìkan ló wà fún, nítorí náà ẹ má wulẹ̀ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá la lè mú wá sílé.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ọmọ kàwé dé

Kí ẹ tó wá owó, ẹ pe ọmọ kọ̀ọ̀kan wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì yín. Ẹ fún un ní bébà tí ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sí: lẹ́tà díẹ̀, ọ̀rọ̀ kéékèèké bíi "bàtà" àti "ejò", gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó rọrùn, àti ìtàn kúkúrú kan. Ibi tí ọmọ bá ti dúró ni ipele rẹ̀. Àjọ Pratham ní Íńdíà ló sọ irú ìdánwò yìí di gbajúmọ̀, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lórí ọmọ kan. Ẹ ṣe é ní Yorùbá, kí ẹ sì tún un ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má bínú sí ọmọ tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ má sì ṣe é níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ká ní ọmọ 52 ló wà ní Primary 3 yín. 14 ò tíì dá lẹ́tà mọ̀ dáadáa, 20 lè ka ọ̀rọ̀ ẹyọ kan, 11 lè ka gbólóhùn, 7 péré ló lè ka ìtàn já. Bí ẹ bá lọ ra ìwé tí wọ́n kọ "Primary 3" sí lára fún gbogbo wọn, ọmọ méje lẹ ra ìwé fún. Mo ti rí ìwé tuntun tó wà ní kọ́bọ́ọ̀dù láìsí ìdọ̀tí ìka kankan lára rẹ̀, ohun tó sì fà á nìyẹn: ìwé náà ga ju àwọn ọmọ lọ. Ẹ tọ́jú èsì ìdánwò yẹn sínú ìwé kan, ẹ máa padà lò ó.

Ẹ gba àṣẹ

Èyí kò gùn. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ìwé yín, kí ọ̀gá fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì Education Secretary ní LGEA yín (ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀), kí ẹ sì sọ ọ́ nípàdé SBMC (ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé-ìwé) tàbí PTA (ẹgbẹ́ òbí àti tíṣà). Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà náà pé ẹ kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí kankan, torí ìjọba Èkó kò fàyè gba owó tí ilé-ìwé kò gbàṣẹ láti gbà. Bí ẹ bá fẹ́ ra ìwé Yorùbá, ẹ rán wọn létí pé òfin tí ìpínlẹ̀ yìí ṣe lọ́dún 2018 sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan nílé-ìwé. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láìtíì rí ìdáhùn lórí ìwé, kódà bí ọ̀gá bá ti sọ pé "ẹ máa ṣe é lọ" lẹ́nu.

Àkójọ ìwé ni iṣẹ́ náà gan-an

Ibí ni kí ẹ ti lo àkókò jù. Ẹni tó bá kọ "ẹ ràn wá lọ́wọ́, a nílò ìwé" sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àánú lásán ló máa rí gbà. Ẹni tó bá gbé orúkọ ìwé, iye ẹ̀dà àti iye owó jáde, tí òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wà lára rẹ̀, owó ló máa rí.

Tèmi ni pé kí ẹ ra ìwé mẹ́jọ ní ẹ̀dà márùn-ún márùn-ún, dípò ogójì ìwé tó yàtọ̀ síra. Bí ọmọ márùn-ún bá mú ìwé kan náà lọ́wọ́, wọ́n lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, kí ọ̀kan máa kà, kí àwọn yòókù máa fìka tọ̀ ọ́, kí wọ́n máa tún ara wọn ṣe. Fún kíláàsì tí mo fi ṣàpẹẹrẹ lókè, ìwé méjì máa jẹ́ ti àwòrán àti lẹ́tà, mẹ́ta ti ọ̀rọ̀ kéékèèké, méjì ti gbólóhùn, ọ̀kan ti ìtàn gígùn. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ jẹ́ kí ìwé Yorùbá ṣíwájú fún wọn, torí bí a ṣe ń pè é la ṣe ń kọ ọ́, ọmọ á tètè rí i pé òun ń kàwé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Èkó la wà. Ọmọ Ègùn, ọmọ Ìgbò àti ọmọ Haúsá wà nínú kíláàsì yín. Ẹ wo ẹni tó ń gbọ́ Yorùbá nílé àti ẹni tí kò gbọ́ ọ kí ẹ tó pín in.

Fún iye owó, ẹ bẹ ṣọ́ọ̀bù méjì wò, ó kéré tán. Ní Erékùṣù, Bookshop House ní Broad Street wà níbẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń pè ní CMS Bookshop. Lórí ilẹ̀ ní Mainland, ṣọ́ọ̀bù ìwé Yunifásítì Èkó wà ní Akoka. Ní Ojúẹlẹ́gba àti Yaba, àwọn tó ń ta ìwé tòkunbọ̀ wà, ẹ lè ná an dáadáa lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ ìtàn yìnyín àti ti ìlú òyìnbó ló pọ̀ nínú ìwé tòkunbọ̀, ó sì ṣòro láti rí ẹ̀dà márùn-ún ti ìwé kan. Mo máa ń fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọ méje tó ti mọ̀wé kà.

Ẹ má fi ojú èèpo ẹ̀yìn nìkan ra ìwé. Ẹ ṣí i láàárín, ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Bí bébà bá ń tú báyìí, kò ní lo táàmù kan lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ wò ó bóyá lẹ́tà inú rẹ̀ tóbi. Nínú ìwé Yorùbá, ẹ wo àmì ohùn lójú ewé mẹ́ta: ìwé tó kọ "ọkọ" sílẹ̀ láìsí àmì níbi tó ti fẹ́ sọ ọ̀kọ̀ ń da ọmọ láàmú ni. Bí ojú ewé bá wọ́, tí yíǹkì rẹ̀ ṣú bàìbàì, tí owó rẹ̀ sì fi púpọ̀ dín sí ti ṣọ́ọ̀bù yòókù, ayédèrú ni, kò sì yẹ ká fi owó ọlọ́rẹ ra ohun tí wọ́n jí lọ́wọ́ òǹkọ̀wé.

Bí ẹ bá ti mú ṣọ́ọ̀bù kan, ẹ ní kí wọ́n kọ invoice (ìwé iye owó ọjà) lórúkọ ilé-ìwé, kí orúkọ ìwé, iye ẹ̀dà, owó ọ̀kọ̀ọ̀kan àti nọ́ńbà àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé iye náà kò ní yí padà títí di ọjọ́ kan pàtó. Ọjà ń gbówó lórí lójoojúmọ́, ẹ kò sì fẹ́ kí owó pé tán kí ìwé ti wọ́n jù ú lọ.

Ọ̀nà mìíràn wà tó dín owó kù. African Storybook àti StoryWeaver ní àwọn ìtàn Yorùbá tí ẹ lè mú lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé àṣẹ Creative Commons tó wà lára wọn sì fàyè gbà wá láti tẹ̀ wọ́n, bí orúkọ òǹkọ̀wé, ayàwòrán àti ògbufọ̀ bá ṣì wà níbẹ̀. Ṣómólú ni ìdí iṣẹ́ ìwé títẹ̀ l'Ékòó. Ẹ kò nílò láti lọ jìnnà. Ẹ fi mẹ́rin pín ojú ewé yín, kó jẹ́ 12 tàbí 16, torí bébà tí wọ́n ṣẹ́ po láàárín, ojú ewé mẹ́rin ló ń bí. Ẹ ní kí èèpo ẹ̀yìn jẹ́ káàdì tí wọ́n fi nylon bò. Kí ẹ sì ka ìtàn náà tán fúnra yín kó tó wọ ẹ̀rọ, kí ẹ tún àmì ohùn tó bá kù ṣe, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ tún un ṣe.

Ibi tí owó máa wọlé sí

GoFundMe, ojú òpó tí wọ́n fi ń dáwó jọ, kì í san owó sí àkáǹtì Nàìjíríà. Bí ará wa kan ní Amẹ́ríkà bá ní òun á fi orúkọ òun ṣí i, owó náà máa kọ́kọ́ wọ àkáǹtì rẹ̀ níbẹ̀, àlàyé á wá di méjì. GlobalGiving, òmíràn irú rẹ̀, ń gba àjọ láti ìlú púpọ̀, ṣùgbọ́n àjọ tó ní ìwé ìforúkọsílẹ̀, tí wọ́n sì yẹ̀ wò fínnífínní ni. Tíṣà kan ṣoṣo kò lè wọlé síbẹ̀.

Èyí tí mo fara mọ́ jù ni kí àwọn ènìyàn san owó tààrà sí àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù ìwé. Ẹ bá òǹtàwé náà kọ àdéhùn sílẹ̀, kí gbogbo ẹni tó bá sanwó kọ àmì kan náà síbi àlàyé, bíi "P3 IWE". Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó fún yín ní àkójọ owó tó wọlé pẹ̀lú àmì yẹn. Bí ẹ bá rí òǹtàwé tó ń fi Paystack (iléeṣẹ́ tó ń bá ọlọ́jà gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì) gbowó, ó tún rọrùn sí i fún àwọn tó wà lókè òkun, torí wọ́n lè fi káàdì san án.

Bí ẹ bá lo Paystack, ẹ ṣírò owó iṣẹ́ wọn. Lórí owó tó ti inú Nàìjíríà wá, ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń mú, àti ₦100 lé e; owó tó bá kéré sí ₦2,500 kì í san ₦100 yẹn, owó iṣẹ́ kì í sì í ju ₦2,000 lọ. Owó tó ti òkè òkun wá, ìdá 3.9 àti ₦100 ni. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lójú òpó wọn lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nǹkan kékeré yìí ní èrè: bí ẹ bá ní kí ẹnì kan san ₦2,500, ₦137.50 ló máa lọ. Bí ẹ bá ní kó san ₦2,400, ₦36 péré ni. Nítorí náà, bí iye ìwé kan bá sún mọ́ ibẹ̀, ẹ bá òǹtàwé sọ ọ́ kó dín in díẹ̀.

Bí kò bá sí òǹtàwé tó gbà, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tó ti forúkọ sílẹ̀ ní CAC (àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀), tí ènìyàn méjì ń fọwọ́ sí ìwé owó rẹ̀, ló kàn. Àkáǹtì tíṣà fúnra rẹ̀, kò dára láéláé, bó ti wù kí tíṣà jẹ́ olóòótọ́ tó. Olóòótọ́ gan-an ni ẹjọ́ rẹ̀ máa ń dùn wá jù nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dà rú.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa kọ

Kí ó kúrú, kí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀, kí ó má sunkún. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí:

"Primary 3 ni mò ń kọ́ nílé-ìwé ìjọba kan ní Múṣin. Ọmọ 52 ni wá, ìwé ìtàn mẹ́ta la ní. Mo dán wọn wò lóṣù yìí: 34 nínú wọn kò tíì lè ka gbólóhùn kan já. A fẹ́ ra ìwé 40, kí ọmọ márùn-ún lè jókòó ka ìwé kan náà pọ̀. ₦2,400 ni ìwé kan. ₦96,000 ni gbogbo ìwé náà, ₦6,000 sì ni nylon tí a ó fi bò wọ́n. Orúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan àti òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wà nínú àwòrán tó tẹ̀ lé e. Àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù náà lẹ máa san án sí, ẹ kọ P3 IWE síbi àlàyé. A ó pa á dé lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù tó ń bọ̀. Láàárín ọjọ́ méje lẹ́yìn náà, ẹ máa rí rìsíìtì àti àwòrán ìwé níbí."

Ẹni tó bá fẹ́ mọ orúkọ ilé-ìwé, ẹ sọ ọ́ fún un ní ìkọ̀kọ̀, kí ọ̀gá sì gbà pé wọ́n lè pe òun. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn oníjìbìtì tí wọ́n máa ń da irú ọ̀rọ̀ yìí kọ, tí wọ́n á pààrọ̀ nọ́ńbà àkáǹtì. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà náà wà lára àwòrán invoice, kí ẹ sì kọ ọ́ gbangba pé kò sí nọ́ńbà mìíràn.

Ní ti fọ́tò, mo bẹ yín, ẹ má ya ọmọ tí aṣọ rẹ̀ ti fàya tàbí tí ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ọmọ yẹn máa dàgbà, fọ́tò náà á ṣì wà níbẹ̀. Òfin ààbò ìsọfúnni Nàìjíríà ti ọdún 2023 béèrè àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́ kí ẹ tó lo ìsọfúnni ọmọdé, Èkó sì ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọ tirẹ̀ láti 2007. Ẹ ya pẹpẹ ìwé tó ṣófo. Ẹ ya ọwọ́ ọmọ lórí ìwé kan ṣoṣo tó wà. Ẹ ya bébà ìdánwò tí ẹ ti bo orúkọ rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ń sọ̀rọ̀ ju ojú ọmọ tó ń sunkún lọ.

Ta lẹ máa fi ránṣẹ́ sí

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó mọ̀ yín. Kí ìwé márùn-ún tàbí mẹ́wàá ti ní olówó kí ẹ tó gbé e síta gbangba, torí àlejò kì í fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà kan ò wọ ọjà: ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ lórí WhatsApp, ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ará wa lókè òkun, Facebook. Ìparí oṣù ni kí ẹ fi sí, nígbà tí owó oṣù bá wọlé. Ẹ yàgò fún September, torí owó ilé-ìwé ọmọ tiwọn náà ni wọ́n ń san nígbà yẹn. Ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, ẹ sọ ibi tí ẹ dé: "Ìwé 17 ti rí olówó, ó ku 23."

Ẹnì kan máa sọ pé òun á kó páálí ìwé ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn, kí ẹ sì fi àkójọ yín hàn án. Àwọn àjọ bíi Books For Africa àti Book Aid International ń kó ìwé wá sí Áfíríkà dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwé lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n fi ń ṣe é, ilé-ìkàwé àti àjọ ni wọ́n sì ń bá lò. Páálí mẹ́ta tó dá wá sí Àpápá fún kíláàsì kan, owó àtigbà á jáde àti ti ọkọ̀ lè tó owó tí ì bá ra ìwé ogójì nílé.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ra ìwé

Kí ẹnì kan láti SBMC bá yín lọ. Ẹ ka iye ìwé náà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ wo inú ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ojú ewé tó sọnù, ẹ gba rìsíìtì tí iye rẹ̀ bá invoice mu. Nílé-ìwé, ẹ lu òǹtẹ̀ sí inú rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà láti 1 dé 40, ẹ fi nylon bò ó kí ọmọ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ la ìwé àkọsílẹ̀ sí òpó mẹ́rin: nọ́ńbà ìwé, orúkọ ọmọ, ọjọ́ tó mú un, ọjọ́ tó dá a padà.

Ẹ̀yin tíṣà mi, ẹ má tì í pa. Ìwé tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn ọ̀gá kò ran ọmọ kankan lọ́wọ́. Ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́, ẹ pín wọn sí ipele tí ẹ rí nínú ìdánwò, kí wọ́n kàwé. Lọ́jọ́ Friday, ẹ jẹ́ kí àwọn kan mú un lọ sílé. Díẹ̀ máa sọnù, òjò máa pa díẹ̀. Ẹ má bu owó lé ọmọ tó sọ ìwé nù. Ìyẹn ti di owó tí ìjọba kò fọwọ́ sí, ọmọ náà sì lè torí rẹ̀ máa sá nílé-ìwé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó sọnù, kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó dáwó.

Ìdúpẹ́ àti ìròyìn

Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Láàárín ọjọ́ méje tí ẹ ṣèlérí, ẹ gbé rìsíìtì àti àwòrán ìwé jáde. Kí àwọn ọmọ tó lè kọ̀wé kọ lẹ́tà pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn, orúkọ kan péré nísàlẹ̀ rẹ̀. Kí àwọn tí kò tíì lè kọ yàwòrán apá tí wọ́n fẹ́ràn jù nínú ìtàn. Ẹ má tún sípẹ́lì wọn ṣe.

Nígbà tí táàmù bá parí, ẹ tún fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní bébà ìdánwò yẹn. Ẹ fi èsì ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó dáwó, bó bá jẹ́ pé ọmọ mẹ́ta péré ló kúrò ní ipele lẹ́tà, ẹ kọ mẹ́ta. Bí owó bá ṣẹ́kù, ẹ kọ iye rẹ̀, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n fẹ́ kó lọ fún Primary 2. Ẹ di lẹ́tà àṣẹ, invoice, rìsíìtì, èsì ìdánwò méjèèjì àti àkójọ orúkọ àwọn tó dáwó sínú fáìlì kan, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé, kó lè jẹ́ pé bí SUBEB (àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀) bá gbé yín lọ sílé-ìwé mìíràn, tíṣà tó bá gba kíláàsì yẹn lè máa bá a lọ lọ́jọ́ Monday.